Uncle Láoyè Tó Kọ́ Wa Bí Wọ́n Ṣe Ń De Agbára

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bẹ iṣu ní kíṣìnnì wa ní Peckham nígbà tí mo gbọ́ tí ọmọ mi obìnrin ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀ sókè ní yàrá kejì. Ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé: àwọn tó ń ṣòfin, àwọn tó ń mú òfin ṣẹ, àwọn tó ń dájọ́. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́nu Uncle Láoyè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bí Old Kent Road ṣe rí nígbà náà. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti ń ta táyà rí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Bó ti wù kí àwọn ìyá ìjọ fọ ògiri rẹ̀ tó, òórùn rọ́bà ò kúrò níbẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, àwọn òbí wa, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, máa ń kó wa lọ síbẹ̀ kí Uncle Láoyè lè kọ́ wa níwèé. Uncle ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, kóòtù aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Uncle ti kàwé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ní London, ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbá.

Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí wa gbà wọ́n fún. Ṣùgbọ́n tó bá ti ku wákàtí kan ká ṣíwọ́, Uncle á nu pátákó mọ́, wọ́n á ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà." Inú bí màmá mi lọ́jọ́ kan. "Uncle, ṣé Amẹ́ríkà la wà ni?"

Uncle rẹ́rìn-ín. "Mummy, ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń de agbára mọ́lẹ̀, kò sí ìlú tí kò ti ní wúlò fún un."

Bisikíìtì ni wọ́n fi kọ́ wa. Wọ́n gbé páálí kan fún Mùlíká, ọ̀rẹ́ mi. Òun ni kó ṣòfin bí a ó ṣe pín in, òun náà ni kó pín in, òun náà ni kó sì dájọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn. Mùlíká jẹ mẹ́sàn-án. A ráhùn, ló bá dá ara rẹ̀ láre, ó tún bu owó ìtanràn lé wa. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Uncle ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. "Mùlíká kì í ṣe èèyàn burúkú," wọ́n ní. "Wọ́n kàn kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ni."

Wọ́n sọ èyí tó korò fún wa pẹ̀lú: pé àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo èèyàn, púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹrú nílé. Mùlíká béèrè bóyá wọn ò mọ̀ pé kò bára mu ni. "Wọ́n mọ̀," ni Uncle fèsì.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo tẹ̀ lé màmá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan nítorí ọ̀rọ̀ ilé tí à ń gbé, kí n lè máa túmọ̀ fún wọn. Obìnrin tó dá wa lóhùn ṣèèyàn. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dùn létí, ta ló kọ́ mi? Orí mi wú. Kí n tó mọ̀, mo ti sọ gbogbo rẹ̀: orúkọ Uncle, ṣọ́ọ̀ṣì wa, yàrá kékeré ẹ̀yìn gbọ̀ngán tí wọ́n ń sùn sí, àti bí wọ́n ṣe sọ fún wa pé àìní ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ káwọn rí iṣẹ́ tíṣà ṣe. Màmá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń sọ. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú wọn ń dùn pé ọmọ àwọn mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ní Sátidé kẹta sígbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta wọlé bá wa lẹ́nu ẹ̀kọ́. Wọ́n pe orúkọ Uncle ní kíkún. Uncle rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mùlíká dìde, ó sì bi àwọn àlejò náà ní Gẹ̀ẹ́sì pé adájọ́ wo ló fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀gá òun ni, kó jókòó. Uncle yíjú sí wa, wọ́n sọ Yorùbá: "Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ẹ má sunkún. Ẹ máa ka ìwé yín lọ." Àwọn òṣìṣẹ́ náà sì mú wọn jáde.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti dá Uncle padà sí Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ Sátidé tú ká. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó ní ìgboyà láti wá wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ilé àbúrò wọn ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn kan ti fọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò gbà wọ́n padà mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Àwọn tó mú mi sọ ọ́ létí mi pé ọmọ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló sọ fún àwọn. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo ń retí kí wọ́n sọ pé àwọn ti dárí jì mí. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní kí àbúrò wọn gbé oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú wọn. Òjò ọdún kejì ò bá wọn láyé.

Wọ́n ti wó ilé ìkẹ́rùsí yẹn, wọ́n ti kọ́ fúláàtì síbẹ̀. Yorùbá ti fúyẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n títí dòní, ọmọdé ṣì ń túmọ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú tábìlì ìjọba, ẹni tó jókòó lódìkejì sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀ lé àwọn ìyá tí kò gbédè lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń ní kí ọmọ lọ dúró níta. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn wa ṣe. Lẹ́yìn náà ni màá wá túmọ̀ ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ, màá sì dákẹ́.