Búrẹ́dì Òmù-Àrán

Mo rántí ìgbà tí orí ń fọ́ mi léraléra ní Èkó, tí dókítà kọ oògùn fún mi tán tó tún ní ohun tí mo nílò gan-an ni kí n lọ síbi tí ariwo ò sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní ọ́fíìsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú fóònù, níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn ìlú kéékèèké tó dára láti lọ najú lópin ọ̀sẹ̀ sí. Ọ̀kan wù mí nínú wọn. Wọ́n ní ìlú náà tòrò, wọ́n ní atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, wọ́n ní àwọn ère òkúta kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ẹ̀sìẹ́ ni. Ìlú baba mi. Àjèjì ló ń polówó ilé wa fún mi, mo sì fẹ́ràn ohun tí mo kà.

Kì í ṣe pé àwa ọmọ Ìgbómìnà tó wà ní Èkó kì í lọ sílé. Òkú ló sábà máa ń gbé wa lọ, tàbí ìgbéyàwó. A ó jọ wọ mọ́tò, a ó jẹ, a ó mu, a ó padà. Kò sẹ́ni tó ń dá gbéra lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì lásán, nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èmi rò pé mo gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Mo wí fún ìyàwó mi pé ilé làbọ̀ sinmi oko, mo ki aṣọ díẹ̀ bọ inú báàgì. Ó bi mí bóyá mo ti pe àwọn ará ilé. Mo ní ta ló ń tọrọ àyè kó tó wọ ilé baba rẹ̀.

Òmù-Àrán ni mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì yí mi ká, mo ju ọwọ́ sí wọn pé rárá. Ẹni tó ń lọ sinmi, kí ló fẹ́ fi ẹrù ṣe? Ọlọ́kadà tí yóò gbé mi dé Ẹ̀sìẹ́ bi mí ká tó kúrò ní gáréèjì pé, "Ẹ̀gbọ́n, òkú ta ni?"

Mo ní kò sí òkú kankan.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù o," ló wí, ó sì wà mí lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin.

Màmá jókòó níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, gbogbo agbolé ló ń pè wọ́n ní Màmá. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọkùnrin, ó ń wa tírélà láti Èkó lọ sí òkè ọya. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, ọ̀dọ̀ Baálé, àgbà agbolé wa, ni mo kọ́kọ́ yà sí. Baálé ń gbọ́ rédíò, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn nítorí ewúrẹ́. Nígbà tí mo jáde, Màmá ti gbé ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Mo kàn wá sinmi ni."

"Báyìí náà?"

"Báyìí náà."

Wọ́n wo ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Ó yẹ kí n mọ̀. Níbi tí a ti wá, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n bá rán á kàn yọ láìròtẹ́lẹ̀, kò ní í ra nǹkan kan bọ̀, ọ̀dọ̀ Baálé ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, yóò ní kò sí nǹkan, yóò jẹun, yóò sùn. Àwọn àgbà ni yóò wá wá ẹnu tí wọn yóò fi sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo ṣe. Ohun tí mi ò tún mọ̀ ni pé Màmá ti ń pe ọmọ wọn láti ọjọ́ mélòó kan, tí fóònù rẹ̀ ò lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ wo àwọn ère. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó, ojú wọn tutù, bí àgbà tó ti gbọ́ ẹjọ́ títí tó sú u. Mo pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Orí ò fọ́ mi mọ́, inú mi dùn gan-an. Nígbà tí mo padà délé, àwọn obìnrin ti tẹ́ ẹní kún àgbàlá, wọ́n yí Màmá ká. Mo ní, ẹ wo ìfẹ́, wọ́n wá kí mi. Mo fa àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ère fún wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Baálé, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin náà, wúkọ́. Àwọn náà ti gbà pé ẹnu mi ni ò gbà á láti sọ ọ́. Wọ́n ní, "Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ń sáré lọ́sàn-án, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ìwọ, kí ló lé ọ wálé?"

Màmá ò jẹ́ kí n dáhùn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo ṣẹ́, mo búra, bí mo ṣe ń búra ni àwọn obìnrin ń sunkún sí i. Mo pe fóònù ọmọ náà, kò lọ. Mo tún un pè, kò lọ. Kí n má parọ́, ó dé ibi tí èmi náà ń rò ó bóyá lóòótọ́ ló ti kú, tí wọ́n rán mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Màmá ò jẹun, wọn ò sì jẹ́ kí omi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni ìpè rẹ̀ wọlé. Tírélà ló bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màmá gba fóònù, wọn ò kí i.

"Ẹsẹ̀ wo lo fi kán nígbà tó o já bọ́ lórí igi máńgòrò?"

"Ẹsẹ̀ òsì ni, Màmá. Kí ló dé?"

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n wá sun ẹkún tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí wọ́n sun ún tán, wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n kọjú sí mi. "Tó o bá tún ń bọ̀ lásán lọ́jọ́ mìíràn, ra búrẹ́dì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé. Mi ò wọ Ẹ̀sìẹ́ mọ́ láìgbé búrẹ́dì Òmù-Àrán dání. Bí Màmá bá ti rí mi lókèèrè, wọn yóò ké sí àwọn ará ilé pé, "Oníbúrẹ́dì ti dé, kò sẹ́ni tó kú." A ó rẹ́rìn-ín, wọn yóò gúnyán, n ó sùn títí oòrùn yóò fi mú.

Nígbà tí tírélà náà wá já sí kòtò lóòótọ́, lọ́nà òkè ọya, àwọn ẹbí pàdé ní Èkó, wọn ò sì jiyàn púpọ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n lọ, nítorí èmi ni Màmá ò ní í fura sí. Ní Òmù-Àrán, obìnrin tó máa ń tà fún mi ti di búrẹ́dì sílẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀. Bí mo bá rà á, Màmá yóò rẹ́rìn-ín títí di alẹ́. Mi ò lè rà á.

Wọ́n wà níwájú ilé. Ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn títí ojú wọn fi dé ọwọ́ mi. Kí n tó yà sọ́dọ̀ Baálé, wọ́n ní, "Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

Mo sọ fún wọn.

Màmá ṣì wà láyé, mo sì ń lọ síbẹ̀ títí di òní. Wọn kì í ké sí ará ilé mọ́. Wọn yóò gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, wọn yóò gbé e lé ẹsẹ̀, ìgbà náà ni wọn yóò tó dáhùn ìkíni mi. Ní ọ́fíìsì, bí ẹnì kan bá bi mí níbi tí èèyàn ti lè lọ sinmi lópin ọ̀sẹ̀, Ẹ̀sìẹ́ ni mo máa ń dárúkọ. Mo ní ìlú náà tòrò, mo ní kí wọ́n má ṣaláì rí àwọn ère. Mo tún máa ń ní kí wọ́n ra búrẹ́dì ní Òmù-Àrán, kí wọ́n sì gbé e síbi tí èèyàn yóò ti rí i láti òkèèrè.