Kùdírátù Kúnlẹ̀, Ó Ní “Get Up”

Bí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà Rashida onídìrí kọjá láàárọ̀ ní àdúgbò Sawaba ní Kumasi, ẹ ó gbọ́ obìnrin kan tó ń fọṣọ, tó sì ń pàṣẹ fún abọ́ ọṣẹ. “Get up! Sit down! Hold on! Lean on me!” Ẹ má pè é ní wèrè o. Kùdírátù ni, ìyàwó Waheed tó ń ta bàtà ní ọjà Alabar. Nítorí iṣẹ́ ló ṣe ń sọ ọ́.

Láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá sí Kumasi ní Ghana. Twi, èdè ibẹ̀, kò tíì yọ̀ mọ́ Kùdírátù lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò sì ju kó fi kí èèyàn lọ. Ó ti sú u kó máa jókòó bí odi nílùú onílùú. Ṣùgbọ́n ó mọ àgbà í tọ́jú. Òun ló tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìdí nìyẹn tí Rashida fi mú un lọ sọ́dọ̀ Godfred, ọkọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe irun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyá Godfred, Màdáámú Bertha, ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì níléèwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Àwọn dókítà tò ó, ó jinná, wọ́n ní kó máa dìde kó máa rìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ á gan. Màmá ní òun ò dìde. Àwọn tó kọ́kọ́ wá tọ́jú rẹ̀ pariwo títí, wọ́n bá tiwọn lọ. Godfred wá gba ẹnu Rashida sọ fún Kùdírátù pé bí Màmá kò bá dìde kí oṣù tó parí, òun á gbé e lọ sílé àwọn arúgbó ní Accra, kí Kùdírátù máa lọ sílé tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nídìí irun dídì. Kumasi ni wọ́n bí Rashida sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kì í dá rìn.

“Wò ó, sister, ‘get’ nìkan kò tíì ṣe nǹkan kan. So ‘up’ mọ́ ọn nídìí, èèyàn ti dìde nìyẹn. ‘Get in’, ó wọlé. ‘Get out’, ó jáde. Ɛnyɛ den koraa, kò le rárá!”

“Kí ló dé tí wọn ò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tiẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ wọ́n wọn ni?”

“Wallahi, mi ò mọ̀. Ìwọ ṣáà há a sórí.”

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kó pẹ́, Waheed ò lè wọlé mọ́ kí ìyàwó rẹ̀ má ké sí i pé, “Take off your shoes!” Waheed á rẹ́rìn-ín títí, á bọ́ bàtà.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìṣòro, kì í sì í ṣe pé Kùdírátù gbàgbé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Báwo ni ọmọ tí wọ́n bí ire ṣe máa nàró lórí àgbàlagbà, táá ní kó dìde? Ní Ìsẹ́yìn, ìfọ́tí ni yóò fi gbọ́. Nítorí náà, ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó doríkodò, ó wá rọra sọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pé, “Mama, get up.” Màmá ń wo fèrèsé ní tiẹ̀.

Wọ́n ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àmọ́ Godfred ò rí ẹ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀. “Kí lo ń ṣe nílẹ̀?” ó fi Gẹ̀ẹ́sì jágbe mọ́ ọn. “Dìde dúró kó o pàṣẹ fún un!” Kùdírátù dìde, ṣùgbọ́n kò lè nàró pàṣẹ fún àgbà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kúnlẹ̀.

“Sister, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ ní Kumasi níbí,” Rashida bá a wí. “Wọ́n á lé ẹ o!”

Kùdírátù mọ̀. Ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí ó ti fẹ́ràn ìyá náà.

Oṣù pé. Godfred dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Kùdírátù kúnlẹ̀ síwájú àga Màmá. “Mama, please. Get up.”

Màmá ò mira.

“Ó tó,” ni Godfred wí. “Máa lọ sílé, Kùdírátù.”

Kùdírátù ò dìde. Omi ń já bọ́ lójú rẹ̀. Màmá yí ojú kúrò lójú fèrèsé, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé, “Ṣé o ò gbọ́ ohun tó sọ ni?”

“I hear, Mama.”

“Kí ló wá dé tó o ṣì wà nílẹ̀?”

Kùdírátù wá inú gbogbo ohun tí Rashida kọ́ ọ. Ó fi ìwọ̀nba tó rí jọ sọ̀rọ̀. “My place, I kneel down for mother, mother must say get up. I wait for you.”

Màmá wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. “Àtọjọ́ tí mo ti ṣubú, gbogbo wọn ló ń dúró lé mi lórí tí wọ́n ń pàṣẹ,” ó wí. “Èmi rò pé nǹkan ẹ ló jábọ́ sílẹ̀, tó ò ń wá.”

Ó na ọwọ́. “Get up, my daughter.”

Ọwọ́ náà ò tó o. Màmá sún síwájú lórí àga, ó di igi ìrìn rẹ̀ mú lápá kan, ó gbé ọwọ́ kejì lé èjìká Kùdírátù. Èjìká tó wà nílẹ̀ yẹn gan-an ló ṣe wẹ́kú fún un. Ó tẹ̀ ẹ́, ó mí kanlẹ̀, ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga.

“Hold on!” Kùdírátù ké, ó gbá a mú nídìí, àwọn méjèèjì sì dìde pọ̀.

Godfred gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bí àwọn Asante ti ń ṣe kí wọ́n tó súnmọ́ àgbà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó di apá kejì ìyá rẹ̀ mú. Màmá wo ẹsẹ̀ lásán ọmọ rẹ̀.

“Àṣé mo kọ́ ìwọ náà nílé,” ó sọ fún un. Wọ́n jọ rọra rìn lọ sí fàrándà.