Bàbá Mo-ti-wọ̀n-ọ́n àti Ilé Adìẹ Rẹ̀

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà, tí ẹ sì dárúkọ Bàbá Mo-ti-wọ̀n-ọ́n, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn, kí wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí àwọn sọ pé, "Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Lẹ́yìn náà ni wọn á bi yín bóyá ẹ ti gbọ́ nípa ọjọ́ tí adìẹ gbé ilé wọ̀ bí ẹ̀wù. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ ti gbọ́ ọ. Wọn á ṣáà tún un sọ.

Ọ̀sán gangan ni. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ń fá orí oníbàárà kan lọ́wọ́, ló bá gbójú sókè, ló bá rí ilé páálí kékeré kan tó ń sáré bọ̀ lójú títì. Ilé náà ní òrùlé, ó ní fèrèsé, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì. Orí adìẹ yọ níwájú, ìrù yọ lẹ́yìn, gbogbo ìyókù há sínú ilé pinpin.

"Ẹ gbà mí o! Ilé ń sáré o!"

Oníbàárà fò dìde, ó gbá tẹ̀ lé ilé. Bàbá náà já síta tòun ti tépù lọ́rùn, ó gbá tẹ̀ lé oníbàárà. "Má fà á! Má fà á o, yóò ya! Ti orí ni kó o ti bọ́ ọ!" Ọwọ́ tẹ adìẹ níkẹyìn, ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ̀ ẹ́, oníbàárà ti gbé orí tí wọ́n fá dé ààbọ̀ yí gbogbo àdúgbò ká, títí kan iwájú ilé àna rẹ̀.

Ọmọ bàbá náà, obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lásìkò náà gan-an.

"Bàbá, kí lẹ ṣe fún adìẹ yìí?"

"Èmi kọ́ o. Òun ló sanra. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo oníbàárà mi ṣe máa ń ṣe. Wọn á lọ jẹun lájẹyó, wọn á wá padà wá sọ pé télọ̀ ni kò mọ aṣọ rán."

Télọ̀ ni bàbá o, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ránṣọ, títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú u. Kò gbà pé ojú ń ṣú òun. Ọjọ́ tí ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹ̀wù ọkọ ìyàwó kan ni nọ́ọ̀sì ti ṣọ́ọ̀bù, tó sì kó bàbá wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá dákẹ́. Ara ògiri ló ń kọjú sí láti àárọ̀ dé alẹ́, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú bàbá oníbàbá kò mọ oògùn tí yóò fún ti ara rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé ojú òun ni bàbá yóò ṣe parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá yísẹ̀ padà kúrò lára ògiri, ó ní, "Mo fẹ́ sin adìẹ." Inú ọmọ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ká ní kìnnìún ni bàbá ní òun fẹ́ sìn, mélòó ni ìbá kàn bi í.

Ẹ ò bá rí i níbi tó ti ń ra òròmọdìẹ lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà! Ó mú ọ̀kan, ó fi ìka méjì ra ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń yẹ aṣọ wò. Ó yí i dojú dé kó lè rí inú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé irú èyí kì í ṣá?"

"Bàbá, adìẹ ni o, kì í ṣe aṣọ."

"Ohun tó bá ti ní àwọ̀ lè ṣá. Ṣé o fọwọ́ sọ̀yà?"

Ìyá olóròmọdìẹ ní oníbàárà mìíràn nílẹ̀. "Mo fọwọ́ sọ̀yà, bàbá. Kò ní ṣá láéláé."

Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, àwọn òròmọdìẹ ti di funfun báláú. Bàbá ki ọ̀kan sí abíyá, ó di ọ̀dọ̀ ìyá. "Yẹ́lò ni mo rà lọ́wọ́ rẹ. Wò ó! Omi kan kò kàn án o, ó ti ṣá."

"Bí wọ́n ṣe ń dàgbà nìyẹn, bàbá! Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé irun yín ò dúdú nígbà kan rí ni?"

Bàbá fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ó dúdú. Ṣùgbọ́n èmi ò fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá. Ó fi òròmọdìẹ kan ṣe ènì fún un. Bàbá gbà á, ó yí i dojú dé, ó ní, "Èyí ńkọ́, ṣé o fọ—" Ìyá ní, "Bàbá, ẹ máa lọ!"

Ìgbà tí wọ́n ṣì kéré ló kọ́ ilé àkọ́kọ́, ìyẹn ilé tó sáré yẹn. Ó fa tépù yí òròmọdìẹ kọ̀ọ̀kan láyà. "Ẹ dúró dáadáa. Ẹ gbé apá sókè. Ẹ má mí sínú." Ó wá gé páálí fún oníkálukú ní ìwọ̀n ara rẹ̀, kò lé, kò dín.

"Bàbá, ṣé ẹ rántí pé wọ́n máa dàgbà?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n."

Ẹ ti mọ bó ṣe parí.

Ilé kejì, tapólì ni, aṣọ ọ̀rá líle tí àwọn onímọ́tò fi ń bo ẹrù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́? Sípù! Kò sí ọlọ́gbọ́n adìẹ tó lè ṣí sípù, bàbá ní. Òótọ́ ni, adìẹ kò lè ṣí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, ìyẹ́ há sí i lẹ́nu, bàbá náà kò lè ṣí i. Ó fi àbẹ́là ra á, ó gbọ̀n ọ́n, ó bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ti wọṣọ iṣẹ́, ó bá a di ìsàlẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó ya pẹ̀rẹ̀! Gbogbo adìẹ ti orí nọ́ọ̀sì kọjá, wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹrẹ̀ balẹ̀ sórí aṣọ funfun tí alágbàfọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn sá sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

"Nọ́ọ̀sì!" Alágbàfọ̀ ti dé ẹ̀bá ọgbà, ó káwọ́ lérí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wo aṣọ oníbàárà mi! Ẹ wo ẹsẹ̀ adìẹ lórí rẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ!"

Bàbá sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ aṣọ náà pẹ́. "Ẹ má bínú o. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ọnà yẹn ò burú."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ fọ gbogbo aṣọ alágbàfọ̀ tán kí ó tó jókòó ti bàbá. "Ó tó gẹ́ẹ́, bàbá. Bó bá di Sátidé, mo máa tà wọ́n."

Ó ń retí kí ó jiyàn. Bàbá kò jiyàn. Ó ká tépù rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó tú u, ó tún un ká.

"Ọmọ mi, ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adìẹ tóbi. Mo ń rí adìẹ."

Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní òun ń lọ wo ohun tó wà lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná. Sátidé dé, Sátidé sì kọjá, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọjà.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ ilé kẹta. Ó ta aṣọ yí i ká, kò gbà kí ẹnikẹ́ni yọjú. Ohun tó ya nọ́ọ̀sì lẹ́nu ni pé ariwo kankan kò jáde níbẹ̀.

"Bàbá, mi ò gbọ́ ìró hámà o."

"Iṣẹ́ ń lọ."

"Ṣé yóò dúró?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n."

Ó dúró! Òjò rọ̀, ìjì jà, ó dúró. Àwọn adìẹ yé, wọ́n pamọ, wọ́n tún yé. Bàbá gbé ẹyin àkọ́kọ́ fún alágbàfọ̀, ó ní òun fọwọ́ sọ̀yà pé funfun rẹ̀ kò ní ṣá. Oúnjẹ kò tutù níwájú rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì ń ki òwú bọ etí kí ó tó lè sùn. Nígbà tí ọjọ́ sì pé, ẹni tó ń bá gbogbo ayé jiyàn kò bá ikú jiyàn. Lórí àga rẹ̀ nítòsí àwọn adìẹ, nínú oorun ọ̀sán, ló bá a lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì rò ó títí. Òun tó ń jí lọ síbi iṣẹ́, tó ń wọlé pẹ́, ta ni yóò máa bá òun bọ́ adìẹ? Ó wá ẹni tí yóò rà wọ́n, ó sì pe káfíńtà kó wá tú ilé náà, kó kó pákó rẹ̀ lọ.

Káfíńtà yí ilé náà po, ó tún un yí po.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n kan ìṣó sí?"

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Kò sí ìṣó kankan lára ilé yìí. Wọ́n rán an ni!"

Òótọ́ ni. Bàbá ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí pákó, ó ti fi okùn ìpẹja rán pákó mọ́ pákó, ó rán wáyà mọ́ pákó, ìlà méjì méjì, ó sì fi gbogbo kókó pamọ́ sí inú. Ọwọ́ ló fi ń wá ọ̀nà, nígbà tí ojú kò sí. Káfíńtà fi hámà fà á, kò tú. Ó fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ títí òógùn fi bò ó, oríkèé kan kò mì.

"Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Télọ̀ ni."

"Ó hàn."

Nọ́ọ̀sì kò wọ inú ilé náà rí, nítorí òórùn. Ó wọ̀ ọ́ wàyí, kó lè wá ibi tí òwú náà ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ rọra tẹrí ba!" ni káfíńtà wí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti wọlé, ó sì dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ kò kan òrùlé.

Káfíńtà họrí. "Ṣebí ènìyàn kúkúrú ni bàbá? Kí ni wọ́n fẹ́ fi gíga tó tó báyìí ṣe?"

Kúkúrú ni bàbá lóòótọ́, abẹ́ apá ọmọ rẹ̀ ló máa ń gbà kọjá. Láàárín àwọn méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ló ga tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti òrùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá kò fa tépù sí i lára lọ́jọ́ kankan láti ìgbà tó ti dàgbà, síbẹ̀ ó ti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rín náà pẹ́ díẹ̀, ó wá di omi lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, káfíńtà. Ẹ máa gbé hámà yín lọ."

"Ẹni tó ń bọ̀ wá ra adìẹ ńkọ́?"

"Ẹ bá mi sọ fún un pé a ò tà mọ́."

Àwọn adìẹ ti pé yí i ká, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá àgbàdo wà níbẹ̀.

"Ẹ yéé wò mí bẹ́ẹ̀," ni ó wí fún wọn. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa adìẹ. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi."

Èyí tó sanra jù nínú wọn gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọn ìyẹ́, ó sì jókòó.