Fọ́tò tí Màmá fẹnu ara wọn yàn

Fọ́tò tó yẹ ká fi sin Màmá wa ti sọnù. Dàpọ̀ àbúrò mi mọ̀, ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Òní ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé n'Ìkọ̀lé.

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù ilé wa, Màmá ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ kedere. Atẹ̀wé gbé e sórí ìwé, ojú wọn ṣú bàìbàì.

"Àǹtí, àwòrán kékeré tí wọ́n fi ń wò lásán ni ètò fọ́tò inú láptọ́ọ̀pù yìí tọ́jú. Níbo ni ojúlówó rẹ̀ wà?"

Mo pe Dàpọ̀.

"Àǹtí mi, mo ti pa fódà yẹn rẹ́. Láptọ́ọ̀pù ti kún. Mo rò pé méjì-méjì ni gbogbo fọ́tò yẹn."

"Ìgbà tó o wá mọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

Mo gé ìpè náà.

Orí láptọ́ọ̀pù yìí kan náà ni Màmá ti yàn án. Wọ́n ní, "Ọjọ́ mo bá fi ulé yìí sílẹ̀, èyí ni kí ẹ lò. Ẹ má lo ti àìsàn o." Ti àìsàn nìkan ló kù lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin ará Ìsàn tí Dàpọ̀ fún ní síídì fọ́tò lẹ́yìn Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, fọ́tò Màmá náà wà nínú rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ kọ "ẹ pẹ̀lẹ́" síbí. Ẹ lọ wo abẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín, kí ẹni tó bá rí i kọ ọ́ síbí. Mo fẹ́ síídì náà n'Ìkọ̀lé kó tó di ọ̀sán Ọjọ́rú.