Oyún Tí Ìyá Ọkọ Mi Rí

Kọ́mú ni mo ń tà ní Láfẹ́nwá. Òkìrìkà ni, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti fọ̀ wọ́n, tí mo na okùn wọn, tí mo sì fi wọ́n kọ́ sórí wáyà, kò sí ìyá ìjọ tí kò ní dúró wò wọ́n. N kì í lo téèpù. Obìnrin á ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàtà lọ́hùn-ún tí màá ti mọ iye tó ń wọ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á dárúkọ nọ́ńbà kan, èmi á na òmíràn sí i. Á kọ́kọ́ bínú. Á gba ẹ̀yìn aṣọ ìkélé wa lọ gbé e wọ̀, á sì jáde wá sanwó láìsọ ohunkóhun. Mo fẹ́ràn kí wọ́n jáde wá bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ni, mo mọ̀.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Àlàájà ni gbogbo ọjà ń pè é. Ará Òwu ni wọ́n, ìdílé Mùsùlùmí tó ti ń ṣòwò kí wọ́n tó bí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Èmi ní tèmi, ọmọ tíṣà ni mí láti Owódé, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí wọ́n tọ́ dàgbà pé ọ́fíìsì ni yóò ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ ọmọ rẹ̀, tí mo fi odidi ọdún méjì wáṣẹ́ tí mi ò rí, Àlàájà wo sátífíkéètì mi, ó yìn ín dáadáa, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ kí ikán má baà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí bélì òkìrìkà kan, ẹrù dídì ńlá, sí iwájú mi, ó ní kí n tú u.

Àlàájà fẹ́ràn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bá wa jà: ọmọ kejì. Ọmọbìnrin wa ti pé ọdún márùn-ún, kò sì sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo oṣù, ìyá yìí á wá ọgbọ́n kan fi béèrè. Á ní ṣé oúnjẹ ń wù mí. Á ní ojú mi ń dán. Nígbà kan, ó ra bàtà ọmọ ọwọ́ ní ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kọ́mú mi, ó ní ṣe ni òun fi ń ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun tí Àlàájà kò mọ̀ ni pé nǹkan wà ní apá mi. Nígbà tí mo bí ọmọ wa, ẹ̀jẹ̀ ya lára mi débi pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí mi lára láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni ọkọ mi ti lọ sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sinmi. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, wọ́n sì fi ọ̀pá kékeré kan, tí kò ju igi ìṣáná lọ, sí abẹ́ awọ apá mi òsì. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dúró, mo pa ẹnu mọ́ lórí ìyẹn.

Ní oṣù kan ni ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo kọ́kọ́ rò pé mo fàyà gbá ilẹ̀kùn ni, tàbí pé ọmọ mi ló fi ìgúnpá gún mi lójú oorun. Àwọn méjèèjì wúwo, wọ́n sì le bíi tìgbà tí mo ń fún ọmọ lọ́mú. Ti òsì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: tí mo bá gbé ọwọ́ sókè láti fi kọ́mú kọ́ sórí wáyà, nǹkan kan á fà mí láti abẹ́ abíyá wá. Ọ̀kadà tí mo ń gùn lọ sọ́jà wá di ìyà. Ní gbogbo kòtò, màá fi apá gbá àyà mi mú. Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ béèrè bóyá òtútù ń mú mi, nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Ọmú ló pa àbúrò bàbá mi obìnrin ní Owódé nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í dárúkọ àìsàn náà nílé wa. Wọ́n kàn ń sọ pé ara rẹ̀ kò dá. Mo rántí pé wọn kò jẹ́ kí àwa ọmọdé wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọkàn mi lọ tààrà nìyẹn. Oyún ni obìnrin mìíràn ìbá kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó wà ní apá mi. Tí kì í bá ṣe oyún, kí ló kù? Mo máa ń wo ọmọ mi bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì kó tó lọ síléèwé, màá sì máa ronú ẹni tí yóò máa di irun fún un.

Nígbà náà ni bélì tuntun dé. Mo tẹ̀ láti gbé e, mo sì kígbe. Àlàájà jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń jẹ̀pà. Ó dáwọ́ dúró.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, Mà."

"Níbo ló ń dùn ọ́?"

Mo ní ọmú ni, díẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí lójú, ó wo àyà mi, ó tún wo inú mi. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Alhamdulillah," ó sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé nǹkan kan mọ́. Bí oníbàárà bá ní kí n na kọ́mú òkè sí òun, Àlàájà á ní kí wọ́n bá òun mú u fúnra wọn, pé ìyàwó òun kì í nàró púpọ̀ lásìkò yìí. Ó gbé ìrọ̀rí sórí àga mi. Ó ń gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin wá láràárọ̀, mo sì ń jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rù kò dí ọ̀fun mi. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní ọ̀nà àrà. Ọ̀kan ní ọkùnrin ni, torí ti òsì ló ń dùn jù. Òmíràn ní kò sí irọ́ níbẹ̀, àfi kó jẹ́ ìbejì.

Inú bí mi dé góńgó. Mo sọ ọ́ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan: "Àlàájà, mi ò lóyún."

"Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Jẹ ẹran ẹ."

Kí ni mo lè sọ? Tí mo bá ní kò lè jẹ́ oyún, á béèrè bí mo ṣe mọ̀.

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́ pé abẹ́ abíyá ń fà mí, tí ó sì rí i pé mò ń sunkún, ó ní ilé ìwòsàn ni lọ́la, kò sí àròyé. Ìyá rẹ̀ wà nínú pálọ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àlàájà ti wọ léèsì tó fi ń ṣọdún Iléyá, ó ti fi tìróò sójú, ó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló dá. Ó ní ọ̀kadà kò dára fún ẹni méjì. Ó sì ń sọ fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà ní gbogbo ọ̀nà pé kó rọra.

Nọ́ọ̀sì tó pè wá wọlé jẹ́ obìnrin onígíláàsì, ohùn rẹ̀ tutù. Bó bá ti bi mí ní nǹkan, Àlàájà á dáhùn. Ó béèrè ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn. Àlàájà ní ó ti pẹ́. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gba ìtọ̀ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ọ̀sì sì ní kò sí oyún.

"Ẹ tún un yẹ̀ wò, Nọ́ọ̀sì," Àlàájà ní. "Ó lè jẹ́ pé ó ṣì kéré."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí òun wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ná. Ó fa ọwọ́ ẹ̀wù mi òsì sókè, ó ń wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, ìka rẹ̀ sì dúró.

"Áà, ẹ tiẹ̀ ti fi ọ̀pá ìfètò-sọ́mọ-bíbí sápá. Ó ti tó ìgbà wo? Èyí náà lè máa mú kí ọmú dùn yín o."

Kò mọ̀ pé àṣírí ni. Mo tẹjú mọ́ páálí kan lára ògiri tó ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń fọwọ́, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àlàájà tẹ̀ síwájú wo apá mi, ó tún jókòó padà.

Nọ́ọ̀sì kò kúkú mọ nǹkan kan, ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Ó ní ohun tó ń mú ọmú dun obìnrin pọ̀. Nǹkan oṣù tó fẹ́ dé ló wọ́pọ̀ jù: ọmú méjèèjì á wúwo, á máa dùn, tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti dé, á rọlẹ̀. Oyún ń fà á. Ọmọ tó ń mu ọmú ń fà á. Ó ní ti abẹ́ abíyá mi yẹn kì í tiẹ̀ ṣe ọmú rárá, iṣan àyà ni, ó sì béèrè bóyá mo ń gbé ẹrù tó wúwo. Mo sọ nípa bélì. Ó wá ní kí n bọ́ ẹ̀wù kí òun yẹ̀ mí wò. Nígbà tó rí kọ́mú ọrùn mi, tó rí bí irin rẹ̀ ṣe tẹ ilà pupa yí mi ká, ó mirí.

"Ta ló ta èyí fún yín?"

Mo ní èmi ni. Òótọ́ ni. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá rà lọ́jà ni mo máa ń wọ̀. Èmi tí mò ń fi ojú lásán wọn gbogbo obìnrin Láfẹ́nwá, mi ò wo ara mi rí.

Ó fi ìka mẹ́ta tẹ ibi gbogbo, ó tún tẹ abẹ́ abíyá mi, kò yára. Ó ní òun kò rí kókó kankan. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ fún un nípa àbúrò bàbá mi. Ó fún mi ní bébà ìnujú, ó ní ọmú tó kàn ń dùn lásán kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó ní kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dun èèyàn níbẹ̀rẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí òun fi ń bẹ gbogbo obìnrin pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ wá a, bó dùn, bí kò dùn. Inú mi dùn débi pé mi ò fi gbogbo ara gbọ́ ọ. Mò ń wá ẹ̀wù mi.

Àlàájà ló sọ̀rọ̀.

"Èyí tí kì í dùn yẹn, Nọ́ọ̀sì. Báwo ló ṣe máa ń rí lọ́wọ́?"

Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ọ̀kan wà nínú ọmú mi ọ̀tún. Kò ju ẹ̀pà lọ. Ó ti lé lọ́dún kan. Kò dùn mí rí, mi ò ṣe kà á sí nìyẹn."

Èmi ni mo bá a mú híjáàbù rẹ̀ dání nígbà tó ń bọ́ aṣọ.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, à ń dúró de ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ fún un láti lọ ya àwòrán ọmú. Ìbínú ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn. Mo ní, "Ọdún kan, Àlàájà? Ẹ sì fi pa mọ́ fún wa?"

"Ìwọ ńkọ́? Mélòó ni ti apá ẹ?"

"Ọdún méjì, Mà."

"O rí i. Ìwọ lo jù mí lọ."

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa. A rín in títí tí ọkùnrin tó ń gba káàdì fi yọjú wò wá láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un nípa ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ tí mo bímọ, gbogbo rẹ̀, bí ó ṣe rí gan-an. Kò mọ̀ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi sílẹ̀ títí wọ́n fi pè wá.

Jẹjẹrẹ ni kókó Àlàájà, ṣùgbọ́n kò tíì ràn. Dókítà ní ká ní ó tún fi ọdún kan sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Àlàájà ní kí ọkọ mi jáde ná. Ó ti wọ aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n fún un, ó kéré nínú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, tí mo bá jáde níbẹ̀, mi ò ní bi ọ́ léèrè oyún mọ́. Ọmọ kan yìí tó. Mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀."

Ó jáde. Ó sì mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ, mo ní láti jẹ́rìí sí i. Ní gbogbo àkókò tó fi ń gba oògùn, tí irun rẹ̀ ń jábọ́, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kò mẹ́nu kan oyún rí. Ó kàn ń jókòó lórí àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá lè wá sọ́jà, á máa wo àwọn èèyàn tó ń kọjá. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà bà mí lẹ́rù ju ọmú tó ń dùn mí lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń to kọ́mú sórí wáyà, ó ń ka irun tuntun tó ń hù lórí rẹ̀ nínú dígí kékeré kan. Kò wò mí.

"Ọ̀pá apá ẹ yẹn," ó ní, "ìgbà wo lẹ máa lọ yọ ọ́? Mi ò fẹ́ kí ọmọ tó tẹ̀ lé èyí bá mi lárúgbó."

Mo ju kọ́mú ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sì dì mọ́ ọn níwájú oníbàárà méjì. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń dúró kó béèrè.