Ìwé Olójú Márùn-ún

Mọ́wùnmí kì í ṣe òpùrọ́. A ti jọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Powis Street nílùú òyìnbó níbí kó tó di pé ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa: bó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ dé ibi iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sọ fún ọ̀gá. Èmi Oyèbọ́lá ni mo kọ́ ọ ní irọ́.

Nígbà tí Ìyèbíyè, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lọ́mọ oṣù mẹ́fà, ó gbé e fún ìyá òyìnbó kan ní Kent pé kó bá òun tọ́ ọ, bí púpọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe nígbà náà, torí iṣẹ́ àti ìwé kíkà. Ọmọ ti pé ọdún méje kó tó gbà á padà sílé rẹ̀ ní Thamesmead lọ́dún 1992. Láti ọjọ́ náà, Ìyèbíyè kò bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó yadi. Ó ń sọ̀rọ̀ nílé ìwé, ó ń dá èmi náà lóhùn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í dá lóhùn. A gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a fún un ní omi àdúrà mu, òfo. Ohun kan ṣoṣo ni Mọ́wùnmí ń fẹ́ láyé: kí ọmọ náà pe òun ní Mummy.

Ilé ìwé ló darí wọn sí ilé ìtọ́jú kan lọ́nà Shooters Hill, sọ́dọ̀ Bernice, òyìnbó tó ń fi eré fa ọ̀rọ̀ inú ọmọdé jáde. Lóṣooṣù, Bernice á fún ọmọ ní ìwé ìbéèrè kan mú lọ sílé. Ṣé inú mi ń dùn láti rí Bernice? Ṣé mo lè sọ ohun tó ń dùn mí fún un? Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n ya ojú márùn-ún, láti orí èyí tó ń sunkún dé èyí tó ń rẹ́rìn-ín, kí ọmọ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí èyí tó bá inú rẹ̀ mu ká.

“Ìyẹn ni mo fi ń mọ bí èmi àti ọmọ ṣe mọwọ́ ara wa tó,” Bernice ṣàlàyé. “Bí kò bá wọ̀, màá yí ọwọ́ padà.”

Ìyèbíyè fa ìlà yí ojú ẹlẹ́kún ká látòkè délẹ̀. Mọ́wùnmí gbé ìwé náà wá sí kíṣìnì mi.

“Auntie, ẹ wo nǹkan tọ́mọ yìí ṣe.”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní o ò fún ọmọ ẹ ní home training ni?” mo bi í. “Àgbàlagbà ń ṣe ẹ́ lóore, ọmọ ẹ ń fún un ní zero. Àwọn Social tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sí Kent.”

Kent yẹn ló bà á lẹ́rù. Mo fi rọ́bà ìdí pẹ́ńsù pa ẹkún rẹ́, òun fa ìlà yí ẹ̀rín ká. Ìyèbíyè dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Oṣù márùn-ún la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Ni lẹ́tà bá dé. Bernice ní ọmọ náà ti fọkàn tán òun pátápátá, ó kù kó máa lo ohun tó ti kọ́ lọ́dọ̀ òun nílé, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù fún wọn. Àwọn ọmọ mìíràn ń dúró.

Mọ́wùnmí sunkún títí. Lọ́jọ́ ìkẹyìn mo tẹ̀ lé wọn lọ, ó sì jẹ́wọ́. Bernice kò bínú, ojú rẹ̀ kàn pọ́n. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti gba ọ̀nà mìíràn láti oṣù kìíní. Ó mú ìwé tuntun jáde.

“Kó fi òtítọ́ sí i. Màá fi bẹ àwọn ọ̀gá mi pé kí wọ́n fún wa lákòókò sí i.”

Ìyèbíyè mú pẹ́ńsù. Ó wo àwọn ojú náà, ó wo ìyá rẹ̀. Mọ́wùnmí kọjú sí ògiri kí ojú òun má baà darí rẹ̀. Ọmọ náà dìde, ó yí tábìlì ká, ó fi pẹ́ńsù lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

“You do it, Mummy,” ó wí.

Mọ́wùnmí di pẹ́ńsù náà mú, ó ń wò mí. Èmi náà kọjú sí ògiri.