Ehoro Tó Ṣeé Pọ̀n

Ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ yẹpẹrẹ. Kí n tó dé ìlú òyìnbó yìí ni mo ti ń ránṣọ, nígbà tí mo sì dé Peckham, àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún àtúnṣe kò jẹ́ kí n jókòó lásán. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ìyá ará Japan tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọwọ́ tú iṣẹ́ mi níṣojú gbogbo èèyàn, tó ní kí n tún un hun.

Yàrá òkè ní láíbìrì àdúgbò wa la ti máa ń pàdé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Nunhead ni ìyá náà ń gbé, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn yòókù ń pè é lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á kí n pe àgbàlagbà lórúkọ, Mummy ni mo ń pè é ní tèmi. Ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu hun ẹranko kéékèèké, ológbò, béárì, àkèré, tí a ó ki òwú sí nínú. Kò sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú wọn máa ń wà nísàlẹ̀ orí, á jìnnà síra, ẹnu á sì rí tín-ín-rín. Tí ọ̀kan bá ti rí bó ṣe fẹ́, ìyá náà á ní, "Kawáì!" Ohun tó kéré, tó dùn ún wò, tó ń ṣe èèyàn bíi kó gbé e mọ́ra, òun ni kawáì. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Ó ní nílùú àwọn, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì lè so ológbò aláfọwọ́hun mọ́ báàgì rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń ṣe é.

Ní ìparí ẹ̀kọ́, a máa pàtẹ sórí tábìlì nísàlẹ̀ láíbìrì, iṣẹ́ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí tèmi wà níbẹ̀, mo fẹ́ ẹ dọ́kàn. Mo ti sọ fún ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Brixton, mo ti sọ fún àwọn ìyá tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ẹnu mi ti ṣáájú ọwọ́ mi.

Ehoro ni mo hun, olówùú yẹ́lò, elétí gígùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, kò hun ohun kékeré. Ta ló ń fún ọmọ ní ọmọláńgidi tí kò ṣeé pọ̀n? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìgò o, odó kékeré o, ohunkóhun tí ọwọ́ wa bá bà la máa ń gbé pọ̀n. Mo ń hun, mo ń fi kún un. Ọkọ mi rí i lórí àga, ó ní, "Ṣé kí a kọ orúkọ èyí náà mọ́ àwọn tó ń gbélé yìí fún council tax ni?"

Ọmọ mi náà tún dá sí i. Ó ní, "Mummy, it's massive, man! Wọ́n ní kẹ́ ẹ hun something cute, wọn ò ní kẹ́ ẹ hun ẹnì kan."

"Ohun tó sanra náà ni cute," mo dá a lóhùn. "Ṣé o rántí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìẹ ṣe rí lọ́mọdé ni?"

Nígbà tí mo gbé e dé láíbìrì, ìyá náà gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka tọ ojú òwú, kò rí àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn náà ló mi orí. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára gan-an, ṣùgbọ́n kò lè wà lórí tábìlì. Kawáì gbọ́dọ̀ gba inú ọwọ́."

Inú bí mi. Ká ní kò dára ni, mo lè tú u. Ṣé ó wá dára tán ni wọ́n ń lé e síta? Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ó dìde. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, mo gbé ehoro náà lé e lẹ́yìn, mo sì fi ìborùn èjìká mi dè é mọ́ ọn lára, mo ki etí ìborùn náà bọnú dáadáa. Mo ní, "Ohun tí mo hun ún fún nìyí."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò tú u. Ńṣe ló fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó gbé ìdí ehoro náà ró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn.

"Bí màmá mi ṣe pọ̀n mí nìyí," ló wí. "Bí èmi náà ṣe pọ̀n àbúrò mi nìyí."

Èmi tí mo rò pé àwa nìkan la mọ ẹ̀yìn í lò! Ó dá ìborùn mi padà fún mi, ṣùgbọ́n ó mú ehoro náà lọ sílé. Kò sọ bóyá yóò pàtẹ rẹ̀. Ìgbéraga ò sì jẹ́ kí n béèrè.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, èmi, ọmọ mi àti àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí jọ wọlé ni. Mo wo tábìlì. Ológbò wà níbẹ̀, béárì wà níbẹ̀, àkèré wà níbẹ̀. Tèmi kò sí. Ìtìjú bò mí.

"Alhaja, tiyín dà?" ọ̀kan nínú wọn bi mí.

Kí n tó dáhùn, ìyá ará Japan náà ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yọ, ó ń kí àwọn àlejò. Ó so aṣọ búlúù kan mọ́ àyà, ehoro mi wà lẹ́yìn rẹ̀, etí rẹ̀ gùn dé orí èjìká ìyá náà. Àwọn tó ń wo tábìlì ti fi tábìlì sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń bi í pé ta ló hun ún. Ó rìn láàárín wọn títí tó fi dé iwájú mi, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ó ní, "Ó ti ń yọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Bá mi pọ̀n ọ́n dáadáa, kí wọ́n rí ẹni tó ni ín."

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pamọ́. Mo tú aṣọ náà, mo gbé ehoro mi sókè sí i, mo sì dè é le.